Ta ló yẹ kó rántí ibi tí wíńdò yín wà?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní. A máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn, a sì ń ṣe ìwé ìpè ìnáwó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo Ubuntu, ẹ̀yà Linux kan. Bí mo ṣe ń to iṣẹ́ mi ni pé Writer, áàpù ìkọ̀wé LibreOffice, á wà lápá òsì, Firefox á wà lápá ọ̀tún, fódà àwọn oníbàárà á wà nísàlẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ mi ti bá mi yọ Ubuntu 20.04 kúrò tó fi 24.04 rọ́pò rẹ̀, tí mo bá ti pa wọ́n tí mo tún ṣí wọn, wọn kì í sí níbi tí mo fi wọ́n sí mọ́. Lọ́jọ́ míì, ìtóbi wọn gan-an á ti padà sí ti àtijọ́. Mo ti yọ LibreOffice lẹ́ẹ̀mejì, mo tún dá a padà, kò yí nǹkan kan padà. Ẹnì kan ní kí n máa fi sudo, àṣẹ tó ń lo agbára ọ̀gá àgbà ẹ̀rọ, ṣí i, ìyẹn náà kò gbọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì ní fáírọ́ọ̀sì ni, pé kí n lọ fi Windows sí i. Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ?"

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá fẹ́ jalè wọ inú kọ̀ǹpútà olówò, owó ló ń wá. Kò ní fi gbogbo àkókò rẹ̀ máa sún Writer kúrò lápá òsì. Ohun tó wà nínú lẹ́tà yín jẹ́ ọ̀ràn méjì tí ẹ dì sínú aṣọ kan, ọ̀rọ̀ yín fúnra yín ló sì jẹ́ kí n mọ̀. Ẹ ní ibi tí wíńdò wà kì í dúró "tí mo bá ti pa wọ́n", ìyẹn ni pé ìgbà gbogbo ni. Ṣùgbọ́n ìtóbi wọn, ẹ ní "lọ́jọ́ míì" ni ó ń sọnù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kì í sábà ti orísun kan náà wá. Bí a bá ń wá egbòogi kan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì, a ó kàn máa yọ LibreOffice, a ó máa dá a padà ni.

Kí wíńdò tó lè padà síbi tí ẹ fi í sílẹ̀, ẹni mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Àkọ́kọ́ ni áàpù fúnra rẹ̀, tó gbọ́dọ̀ ṣàkíyèsí bí òun ṣe tóbi tó kó tó lọ. Èkejì ni alákòóso wíńdò, ìyẹn apá Linux tó ń pín ojú kọ̀ǹpútà fún àwọn áàpù. Ti Ubuntu yín ń jẹ́ Mutter, inú GNOME, ètò tó ń ṣe ojú Ubuntu, ló wà. Ẹ̀kẹta ni fáìlì kékeré kan nínú fódà ilé yín tí áàpù ń kọ ìrántí rẹ̀ sí. Ti Writer wà ní ~/.config/libreoffice/4/user (àmì ~ dúró fún fódà ilé yín), ó ń jẹ́ registrymodifications.xcu. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ gígùn kan, ooSetupFactoryWindowAttributes, tí nọ́ńbà mẹ́rin tẹ̀lé: méjì ń sọ ibi tí wíńdò wà, méjì ń sọ fífẹ̀ àti gíga rẹ̀. Firefox ní tirẹ̀, xulstore.json. Áàpù Files tí ẹ fi ń wo fódà oníbàárà, ìtóbi nìkan ló ń fi pamọ́ báyìí, inú àpamọ́ kan tó ń jẹ́ dconf ló sì ń kọ ọ́ sí. Kò kọ ibi tó wà sílẹ̀ rárá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní kí n wá wo ọ̀rọ̀ báyìí, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wádìí ni ẹni tó gbàgbé nínú àwọn mẹ́ta yìí. Ẹ̀yin ti lọ nà áàpù nígbà méjì, kò sì tíì dájú pé òun ló ṣẹ̀.

Ẹ ṣí terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ `echo $XDG_SESSION_TYPE` kí ẹ sì tẹ Enter. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò dá yín lóhùn: x11 tàbí wayland. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi owó lé e pé wayland ni ẹ máa rí. X11 ni ètò àtijọ́ tí Linux fi ń ya nǹkan sójú kọ̀ǹpútà, ó ti wà láti 1987. Wayland ni èyí tí Kristian Høgsberg bẹ̀rẹ̀ ní 2008 láti rọ́pò rẹ̀. Ubuntu 20.04 tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀, X11 ló ń fi ṣiṣẹ́ bí ẹ kò bá yan òmíràn. Láti 21.04 ni wọ́n ti sọ Wayland di èyí tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọmọ yín fò láti 20.04 sí 24.04, ó fo afárá yìí kọjá láìmọ̀, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan lójú ọ̀nà.

Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Lábẹ́ X11, áàpù lè sọ fún alákòóso pé, "Ibí ni mo jókòó sí lánàá, ẹ gbé mi padà síbẹ̀," alákòóso a sì sábà gbà fún un. Lábẹ́ Wayland, áàpù kò tilẹ̀ mọ ibi tó jókòó sí. Ó mọ bí òun ṣe fẹ̀ tó àti bí òun ṣe ga tó, ó parí. Ó dà bí ìnáwó tí wọ́n ti gbé àwọn tó ń pín ìjókòó sẹ́nu ọ̀nà kánópì: ẹ lè sọ pé àwa mẹ́jọ la wá, wọ́n á wá tábìlì tó gba ẹni mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ẹ kò lè sọ pé abẹ́ fáànù lápá òsì ni ẹ jókòó sí ní ìnáwó tó kọjá, kí wọ́n dá yín padà síbẹ̀. Nítorí náà, nọ́ńbà méjì tó ń sọ ibi tí Writer wà kò wúlò mọ́ nínú fáìlì yẹn, bó ti wù kí ẹ yọ ọ́ kí ẹ sì dá a padà tó. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò sì lè sọ pé ìdí náà kò dáa. Lábẹ́ X11, áàpù kan lè gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń tẹ sínú áàpù mìíràn, ó lè mọ ibi tí wíńdò báńkì yín wà gan-an, kó sì gbé wíńdò èké lé e lórí. Wayland ti ilẹ̀kùn yẹn. Ohun tí mo bínú sí ni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn tán kí wọ́n tó rántí pé àwọn èèyàn bíi tiyín ń gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́. Ó ti pé ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn tó ń kọ Wayland ti ń jíròrò ọ̀nà tí alákòóso fúnra rẹ̀ yóò fi máa rántí ibi tí wíńdò wà, láìjẹ́ pé áàpù mọ̀ ọ́n. Lórí 24.04 tiyín, kò sí i. Kí ẹ má sì rò pé X11 àtijọ́ mọ́ bí ẹyin adìẹ o. Mo lo áàpù ìkọ̀wé kan nígbà kan tó jẹ́ pé ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá ṣí i, á ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí bó ṣe wà lánàá. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ni. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lójú kọ̀ǹpútà ni mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, mo rí i pé gíga ọ̀pá orí wíńdò ló fi ń sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́. Áàpù náà ń kọ ibi tí inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, alákòóso sì ń kà á bí ẹni pé ibi tí férémù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì ń rántí, ṣùgbọ́n wọn ò rántí ohun kan náà.

Ó ku ọ̀ràn ìtóbi, èyí tó ń sọnù lọ́jọ́ míì. Ẹ má ka èyí mọ́ Wayland lọ́rùn, nítorí Wayland kò dí áàpù lọ́wọ́ láti béèrè ìtóbi tó fẹ́. Ìbéèrè mi ni pé: ní ọjọ́ tí ìtóbi bá sọnù, báwo ni ẹ ṣe pa ẹ̀rọ lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀? Ṣé ẹ̀yin lẹ pa á, àbí àwọn oníná ló bá yín pa á? Ìgbà tí ẹ bá ti Writer pa ló ń ṣàkọsílẹ̀ bó ṣe tóbi tó, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ń fà á. Bí iná bá lọ fáà tí ẹ̀rọ sì kú pẹ̀lú Writer ní gbangba, kò ráyè kọ ohunkóhun. Ohun tó kọ nígbà tí ẹ pa á dáadáa kẹ́yìn ló máa kà lọ́jọ́ kejì. Ìyẹn ni "ti àtijọ́" tí ẹ ń rí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí tí Writer bá takú tí ẹ sì fi tipátipá pa á. Firefox ní ọgbọ́n díẹ̀ níbí, nítorí ó ń kọ bí ojú ìwé àti wíńdò rẹ̀ ṣe wà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 15-15, kí ó lè jí padà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ fi lè dán èyí wò kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ ṣí Writer, ẹ fi máòsì fà á sí ìtóbi tí ẹ kò lò rí, tẹ́ẹ́rẹ́ kó sì ga, kí ẹ lè dá a mọ̀. Ẹ tẹ àmì X igun rẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ pátápátá, kí ẹ tún un ṣí. Bó bá jáde tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, ìrántí rẹ̀ kò ní àrùn; ọ̀rọ̀ iná ni, UPS kékeré tó lè gbé ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni oògùn rẹ̀, yóò sì gba iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kò tíì fi pamọ́ là pẹ̀lú. Ẹ má fi Super (kọ́kọ́rọ́ tí àmì Windows wà lára rẹ̀) àti ọfà tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún àyẹ̀wò yìí o. Ọ̀pọ̀ áàpù kò ka ìtóbi tí alákòóso bá fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sí ìtóbi tiwọn, wọn kì í fi í pamọ́.

Bí kò bá rántí pẹ̀lú pé ẹ pa á dáadáa, a jẹ́ pé fáìlì ìrántí ló ní ìṣòro, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ sudo ti wọlé. Ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn yẹn kò gbèrò ibi, ṣùgbọ́n ó ṣì yín lọ́nà. Láti Ubuntu 19.10, tí ẹ bá fi sudo ṣí áàpù, fódà ilé root, ìyẹn ọ̀gá àgbà ẹ̀rọ, ni áàpù náà ń kọ nǹkan sí, kì í ṣe tiyín. Ẹ tò ó tán lábẹ́ sudo, ó rántí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrántí náà wà nílé ẹlòmíràn. Nígbà tí ẹ ṣí i lọ́nà tiyín, kò mọ ohunkóhun. Èyí tó tún burú ni pé ìwé tuntun tí ẹ bá fi sudo ṣe, root ló ni ín. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ oníbàárà kan tó kọ̀ tí kò jẹ́ kí ẹ ṣàtúnṣe sí i, ẹ mọ ibi tó ti wá. Lórí ẹ̀yà Ubuntu tó ṣáájú ìyẹn, ilé yín gan-an ni sudo máa ń kọ nǹkan sí, á wá fi fáìlì tí root ni sílẹ̀ láàárín tiyín. Bí ọmọ yín bá sì fi sudo kó àwọn fáìlì àtijọ́ wálé láti ara dísíìkì kejì, ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀. Áàpù á lè ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀ nígbà míì, ṣùgbọ́n kò ní lè kọ sínú rẹ̀, kò sì ní sọ fún yín.

Ẹ tẹ `find ~ -user root`. Bí kò bá mú nǹkan kan jáde, ilé yín mọ́. Bó bá kó orúkọ fáìlì jáde, pàápàá èyí tó wà lábẹ́ .config, ẹ tẹ `sudo chown -R $USER: ~/.config` láti gba ohun ìní yín padà. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo fara mọ́ sudo nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra fún àmì ~ yẹn o. Ẹnì kan tí mo mọ̀ gbàgbé rẹ̀, ó fi àmì / nìkan sí i, ó sì sọ gbogbo inú Linux di ti ara rẹ̀. Kò sí ọ̀nà àbáyọ mìíràn ju kí ó tún gbogbo rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi `df -h` wò ó bóyá ààyè ṣì wà lórí dísíìkì. Dísíìkì tó kún 100% kì í jẹ́ kí áàpù kọ ìrántí kankan, ṣọ́ọ̀bù tó sì ń kó PDF akẹ́kọ̀ọ́ jọ lọ́dọọdún lè dé ibẹ̀ kíákíá ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Fún Files àti àwọn áàpù GNOME mìíràn tó ń lo dconf, ẹ ṣí wọn láti inú terminal, kí ẹ máa wo ohun tó ń jáde níbẹ̀. Bí ẹ bá rí gbólóhùn tó ní "Using the 'memory' GSettings backend", ó túmọ̀ sí pé áàpù náà kò rí àpamọ́ tó yẹ kó lò, orí ló fi ń há gbogbo nǹkan sórí. Tí ẹ bá ti pa á, ó ti gbàgbé. Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn nítorí ó sọ òótọ́ rẹ̀ pọ́ńbélé. Àwọn áàpù tó kù kàn ń dákẹ́ ni.

Bí gbogbo èyí kò bá yọrí, ẹ ṣí àkáǹtì tuntun kan lórí ẹ̀rọ náà, kí ẹ wọlé pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ tún àyẹ̀wò tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ṣe. Bó bá rántí níbẹ̀, inú fódà ilé yín ni àrùn wà, kì í ṣe inú LibreOffice. Ẹ ó sì rí ìdí tí yíyọ àti dídápadà kò fi ràn yín lọ́wọ́: apt, irinṣẹ́ tí Ubuntu fi ń fi áàpù sí tó sì fi ń yọ ọ́, kì í fọwọ́ kan fódà ilé yín nígbà tí ẹ bá fi í yọ LibreOffice kúrò, kódà tí ẹ bá lo purge, àṣẹ rẹ̀ tó ń yọ áàpù pátápátá. Ìrántí tó bàjẹ́ ń dúró de LibreOffice tuntun lẹ́nu ọ̀nà ni. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ pa LibreOffice, kí ẹ yí orúkọ fódà user tí mo dárúkọ lókè padà sí user-atijo, kí ẹ tún un ṣí. Á dá tuntun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Inú fódà yẹn ni wordbook wà, tó ní gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá àti orúkọ èèyàn tí ẹ ti fi kún àkójọ ọ̀rọ̀ kí ó má baà máa fi ìlà pupa sí wọn nídìí. Inú rẹ̀ náà ni autocorr wà, níbi tí àwọn ìkékúrú tí ẹ kọ́ Writer láti máa yí padà sí lẹ́tà olóhùn wà. Ẹ kó fódà méjèèjì yìí sínú èyí tuntun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó sunkún.

Ní ti Firefox, ẹ rántí pé snap, ìyẹn áàpù tí wọ́n dì sínú àpótí tirẹ̀, ni èyí tó bá Ubuntu 24.04 wá. Ìrántí rẹ̀ wà ní ~/snap/firefox/common/.mozilla. Ìmọ̀ràn tí ẹ bá rí tó ní kí ẹ lọ tún ~/.mozilla ṣe lè jẹ́ òótọ́ fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n fódà tí Firefox yín kò wò ni ẹ ó máa tún ṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ibi tí wíńdò ń jókòó sí, nítorí òun ló ń dà yín láàmú jù. Ẹ lè padà sí X11. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ tẹ orúkọ yín, kí ẹ tó tẹ páswọọ̀dù ẹ tẹ àmì jía kékeré tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ yan "Ubuntu on Xorg"; X11 náà ni Xorg níbẹ̀. Writer àti Firefox á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ààyè wọn. 24.04 yín ní àtìlẹ́yìn títí di 2029, nítorí náà kì í ṣe ọ̀nà tí yóò dí lọ́la. Ṣùgbọ́n Ubuntu 25.10 ti yọ ọ́ kúrò, ẹ̀yin náà á kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn kan á ní kí ẹ lo àfikún GNOME tó ń rántí ibi tí wíńdò wà. Ó ṣeé ṣe, nítorí inú alákòóso gan-an ni àfikún ń ṣiṣẹ́, ó rí ohun tí áàpù kò lè rí. Èmi kì í fi í sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jẹun, nítorí GNOME tuntun kọ̀ọ̀kan lè sọ àfikún di aláìṣiṣẹ́ títí ẹni tó kọ ọ́ yóò fi ráyè tún un ṣe. KDE Plasma, ètò ojú kọ̀ǹpútà mìíràn tó lè rọ́pò GNOME, ló ṣe èyí dáadáa jù: ẹ lè tẹ orí wíńdò ní ọwọ́ ọ̀tún kí ẹ sì fún un ní òfin pé ibi báyìí ni kó máa wà, lábẹ́ Wayland pàápàá. Ká ní èmi nìkan ló ń lo ẹ̀rọ náà, òun ni ǹ bá yàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ọmọ iṣẹ́ tí ojú wọn ti mọ́ Ubuntu, kíkọ́ wọn lákọ̀ọ́tun lásìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tò lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe eré.

Ohun tí mo rò pé ó bá yín mu ni kí ẹ gbà pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lẹ ó fi máa to wíńdò láàárọ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí àmì Windows wà lára rẹ̀ ní kíbọ́ọ̀dù, òun ni à ń pè ní Super. Ẹ di í mú kí ẹ tẹ ọfà òsì, Writer á kún apá òsì. Ẹ lọ sórí Firefox, ẹ tẹ Super àti ọfà ọ̀tún. Fún fódà oníbàárà, ẹ fi máòsì fa wíńdò rẹ̀ lọ sí igun ìsàlẹ̀, ìdá mẹ́rin ojú kọ̀ǹpútà ló máa gbà. Bí igun kò bá dáhùn, ẹ lọ sínú Settings, ẹ wọ Ubuntu Desktop, ẹ tan Enhanced Tiling. Ìyẹn tún dáa ju ti àtijọ́ lọ ní ọ̀nà kan: Writer àti Firefox kò ní gun ara wọn lórí, fódà oníbàárà nìkan ló máa bo ìdajì ìsàlẹ̀ ọ̀kan nínú wọn. Bí terminal náà bá ń padà sí kékeré, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìtóbi rẹ̀, lẹ́tà 80 ní fífẹ̀ àti ìlà 24 ní gíga, inú Preferences rẹ̀ la ti ń yí i padà. Kì í rántí ti àná, kò sì ṣèlérí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Láti ibi tí mo jókòó sí, mi ò rí ẹ̀rọ yín, orí lẹ́tà nìkan ni mo dúró lé. Bí `echo $XDG_SESSION_TYPE` bá dáhùn pé x11, ohun tí mo sọ nípa Wayland kò kàn yín, orí fáìlì ìrántí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ àti ohun tí `find` mú jáde ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì sọ bóyá iná lọ lójijì lálẹ́ tó ṣáájú àárọ̀ tí ìtóbi sọnù kẹ́yìn.